Aṣọ Wo Ni Kí Ọmọ Wọ̀ ní Alẹ́ Ẹ̀yẹ Inú Ọkọ̀ Òkun?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà Ọjẹ ní Ìbàdàn pé, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ń yẹ ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi wò, nígbà tí màmá kan tí ń ta aṣọ òkè wọlé tọ̀ mí wá. Ìtàdógún ìtàdógún ni ọjà náà ń pé, ẹ̀yin tí ẹ ń ná an sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ kì í sábà lágbára àtirojọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kún inú màmá yìí. Kò tíì jókòó tán tí ó fi na fóònù rẹ̀ sí mi.

Ó ní, “Tíṣà, ọkọ mi, bá mi gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí, kí o sì bá mi túmọ̀ rẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń gbé ní London ni ó ránṣẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta fẹ́ fi ọlidé ilé-ìwé lọ ṣe fàájì ọjọ́ méje lórí òkun. Southampton ni wọn yóò ti wọkọ̀, wọn yóò lọ wo àwọn òkè àti odò Norway, wọn yóò sì padà. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ní alẹ́ méjì nínú méje náà, gbogbo èrò ọkọ̀ yóò múra bí ẹni tí ń lọ sí òde ìyàwó. Nítorí náà, kí ìyá òun jọ̀wọ́ bá òun rán aṣọ òkè fún àwọn ọmọ: agbádá fún ọkùnrin kékeré tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìró àti bùbá pẹ̀lú gèlè fún obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti agbádá ńlá pẹ̀lú bùbá, ṣòkòtò àti fìlà fún àkọ́bí, ọmọkùnrin ọdún márùndínlógún. Bí aṣọ náà kò bá tètè dé, òun yóò lọ ra kóòtù dúdú ti òyìnbó fún wọn ní àwìn, òun yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn ohùn ìyá ni ohùn mìíràn tẹ̀ lé e. Àkọ́bí náà ni, ó yọ́ sọ ọ́ sínú fóònù ìyá rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá tí ń ta kókó: “Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán agbádá fún mi. Gbogbo ènìyàn ni yóò máa wò mí.”

Màmá gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dákẹ́ títí. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Ṣé aṣọ tí mo tà tí mo fi rán ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé ni ó wá di ohun ìtìjú fún un?”

N kò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n wádìí ohun tí òyìnbó ń pè ní alẹ́ ẹ̀yẹ nínú ọkọ̀, kí n sì mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọdé níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ síhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe màmá yìí nìkan ni ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun tí ń ránṣẹ́ aṣọ sílé.

Àwọn bàbá wa mọ ọkọ̀ mélì dáadáa. Láti 1951 ni ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ti ń ná Liverpool àti Èkó, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lọ kàwé nílùú ọba bá lọ tí wọ́n bá bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú ti kó èrò lọ tán, wọ́n tà á ní 1974. Ọkọ̀ mélì ń gbé ènìyàn lọ sí ibi tí ó ń lọ ni. Ọkọ̀ afẹ́ ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ gan-an ni òde tí à ń lọ. Ilé oúnjẹ, ilé eré, odò ìlúwẹ̀ẹ́, ilé ìtàjà, yàrá ìṣeré àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Icon of the Seas tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024 ń gba èrò tí ó ju 5,000 lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ìlú kékeré kan ni ó léfòó lórí omi yẹn.

Àṣà mímúra fún oúnjẹ alẹ́ ti pẹ́ ju irú ọkọ̀ yìí lọ. Nígbà tí ọkọ̀ òkun nìkan ni ọ̀nà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà, àwọn èrò kíláàsì kìn-ín-ní a máa múra lálaalẹ́, àfi alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn kò tíì tú ẹrù, àti alẹ́ ìkẹyìn tí wọ́n ti di í tán. Lónìí, ó ti dín kù sí alẹ́ kan tàbí méjì nínú ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í sábà fi í sí alẹ́ àkọ́kọ́ tàbí ti ìkẹyìn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà lójú agbami láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó ti ń rìn kiri ìlú láti àárọ̀ ni yóò sáré wá wọ kóòtù.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò le bákan náà o. Cunard, tí ó ni Queen Mary 2 tí ó ń rìn láti Southampton sí New York láti 2004, ni a mọ̀ jù lọ fún ìmúra. Ní alẹ́ ẹ̀yẹ tiwọn, kóòtù dúdú àti táì tí ó rí bí labalábá ni ọkùnrin ń wọ̀, tàbí kóòtù àti ṣòkòtò tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú pẹ̀lú táì lásán. Gáùn gígùn tàbí aṣọ òde ni ti obìnrin. Ṣùgbọ́n Norwegian Cruise Line ti gbé gbogbo rẹ̀ tì láti 2000, wọ́n ní kí èrò jẹun nígbà tí ó bá wù ú pẹ̀lú aṣọ tí ó bá wù ú, níwọ̀n bí ó bá ti mọ́ tónítóní. Celebrity náà pa orúkọ alẹ́ ẹ̀yẹ rẹ́ ní 2015. Nínú ọkọ̀ ti Disney, níbi tí àwọn ọmọdé ti pọ̀ bí eṣú, alẹ́ kan tilẹ̀ wà tí tàgbà tèwe ń múra bí olè ojú òkun! Bí ìyá kan bá lọ ná owó gọbọi lórí kóòtù dúdú kí ó tó mọ̀ pé fìlà olè ojú òkun ni wọn ń dé níbẹ̀, ta ni yóò bá a dá owó rẹ̀ padà? Kí a ka ìwé òfin aṣọ ilé-iṣẹ́ náà kí a tó dá owó sílẹ̀. Gbogbo wọn ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì gùn.

Nǹkan mìíràn tí ó fi màmá lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un ni pé kò sí ọkọ̀ tí ń febi pa ọmọ nítorí aṣọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ múra lè lọ jẹun ní ibi tí ènìyàn ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, tí ó máa ń wà ní òkè ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó wọ ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì wọ gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá ní alẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ náà kì í sì le mọ́ ọmọdé bí wọ́n ti ń le mọ́ àgbà.

Ó kù kí á sọ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún márùn-ún.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dá agbádá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Òótọ́ ni pé ó dùn ún wò, ní òde ìyàwó, gbogbo ènìyàn ni yóò pariwo “ẹ wo ọkọ ìyàwó kékeré!” Ṣùgbọ́n ní òde ìyàwó, ìyá wà nítòsí, bàbá wà nítòsí, àǹtí mẹ́fà sì wà tí yóò bá a ká apá agbádá. Nínú ọkọ̀, àtẹ̀gùn pọ̀, ilẹ̀ a sì máa mì díẹ̀ nígbà tí òkun bá ń ru. Ọmọ tí ó tẹ etí aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yóò ṣubú. Bí kò bá ṣubú, apá agbádá yóò wọ inú ọbẹ̀. Bùbá àti ṣòkòtò tó fún un, fìlà kékeré kan sì tó láti fi ṣe ẹ̀yẹ. Kí ṣòkòtò náà jẹ́ onírọ́bà, kí ó má ṣe jẹ́ olókùn: ọmọ ọdún márùn-ún kì í sọ pé òun fẹ́ tọ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó yọ, okùn ṣòkòtò kò sì mọ ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ ti òyìnbó, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọlọ́rùn àti ṣòkòtò dúdú gígùn tó. Kóòtù kì í ṣe dandan fún un. Ọmọ kékeré a sì dàgbà kúrò nínú kóòtù kí èyí tí a fi rà á tó tutù lọ́wọ́ ẹni.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọdé kì í jókòó pẹ́. Yàrá ìṣeré wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré lọ. Kí ìyá mú ṣòkòtò péńpé àti bàtà kánfáàsì sínú àpò, kí ó pàrọ̀ fún un kí ó tó lọ. Bí oúnjẹ alẹ́ bá jẹ́ ìpele méjì, èyí tí ó kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ni kí wọ́n yàn. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ti pẹ́ jù fún un. Orí tábìlì ni yóò sùn sí, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ rẹ̀.

Ti ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá rọrùn ju bí àwọn ìyá ti ń rò lọ. Gáùn tí ó wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó tàbí àjọ̀dún ilé-ìjọsìn láìpẹ́ ti tó. Kí gígùn rẹ̀ mọ sí orúnkún tàbí kokosẹ̀, kí ó má ṣe wọ́lẹ̀. Ẹ fún un ní súwẹ́tà tàbí ìborùn fífẹ́lẹ́ kan, nítorí ẹ̀rọ atutù inú gbọ̀ngàn oúnjẹ náà kò mọ̀ pé apá ọmọ wà níta. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ó wọ̀. Mo mọ̀ pé ní ọdún mọ́kànlá wọ́n ti ń wo bàtà gogoro ìyá wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìdí kankan tí ọmọ kíláàsì kẹfà yóò fi dà bí òṣìṣẹ́ báńkì ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí ó dà bí ọmọ. Bí aṣọ òkè bá wù ú, ìró àti bùbá yóò bá gbọ̀ngàn náà mu gidigidi, ṣùgbọ́n kí a rán ìró náà mọ́ ìdí bí síkẹ́ẹ̀tì. Ìró tí a fi ọwọ́ ró lásán yóò tú níbi tí ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, omijé ni yóò sì kẹ́yìn rẹ̀.

Gèlè ńkọ́? Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó ní kí a lo èyí tí a ti wé tí a sì ti rán mọ́ra nílé, tí a kàn ń dé bíi fìlà, kí ó sì kéré. Ó fi kún un pé lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n ń lọ wo eré ní ilé eré inú ọkọ̀, ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn gèlè gogoro náà sanwó o.

Wàyí o, ọ̀dọ́mọkùnrin wa ọlọ́dún márùndínlógún. Níbí ni ẹjọ́ wà.

Olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún ni mo ń bá ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọjọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a pe orúkọ ọmọkùnrin kan tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìṣirò. A pè é, a tún un pè, kò jáde. Bàbá rẹ̀ wà níwájú, ó ti jó dé ìdí tábìlì. Èmi ni a rán lọ wá a. Ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo ti rí i. Bàbá rẹ̀ ti gé agbádá ara rẹ̀ kù fún un, agbádá olóró, ó gbẹ̀yẹ, ó dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wọ yunifọ́ọ̀mù ti ń pè é ní “Baálẹ̀” láti òwúrọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gba ẹ̀bùn náà.” Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, kò jáde. Èmi ni mo lọ gba ẹ̀bùn ìṣirò náà níṣojú bàbá rẹ̀. Títí di òní, nígbà tí mo bá rántí ojú bàbá náà, n kò mọ ta ni kí n dá lẹ́bi.

Ọmọ náà kò kórìíra agbádá. Ó kórìíra kí ó dá yàtọ̀ láìjẹ́ pé òun ni ó yàn án. Ní irú ọjọ́ orí yẹn, bí ènìyàn mẹ́ta bá wò wọ́n, gbogbo ayé ni ó wò wọ́n lójú ara wọn. Nínú ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní yàrá tiwọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ ọjọ́ méje péré. Ọmọ tí a fi agbára wọ aṣọ fún ní alẹ́ kejì kò ní lọ síbẹ̀ mọ́ títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ńlá ń béèrè ìrìn ńlá, ìrìn náà kò sì tíì dé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn.

Kí ni kí ó wọ̀ nígbà náà? Ṣòkòtò gígùn tí ó ṣú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọlọ́rùn tí a lọ̀ dáadáa, táì, àti bàtà aláwọ dúdú tí ó ti wọ̀ rí kí ó má baà bó o lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ní kóòtù, kí ó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilé-ìwé gíga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń wọ kóòtù lọ sí ilé-ìwé. Bí èyí tí ó ní bá jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ aró, tí a sì lè tú àmì ilé-ìwé kúrò ní àyà rẹ̀, kóòtù alẹ́ ẹ̀yẹ nìyẹn láìná kọ́bọ̀. Fún ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, gáùn tí wọ́n wọ̀ sí àríyá ìparí ilé-ìwé, tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbọdọ̀ di ìjẹ kòkòrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibí ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Jíǹsì tí ó ya lórúnkún, ṣòkòtò péńpé, singílẹ́ẹ̀tì àti fìlà oníbèbè ni kí gbogbo wọn fi sílẹ̀ nínú yàrá.

Bí ọ̀dọ́ náà bá sì fúnra rẹ̀ fẹ́ wọ aṣọ ìbílẹ̀, àyè gbà á. Mo ka òfin Cunard fúnra mi, aṣọ ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ẹni wà lára ohun tí wọ́n gbà ní alẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ará Scotland ti ń wọ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí kò sì tijú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará wa tí ó wà lọ́hùn-ún má ṣe rò pé àfi kí òun jẹ gbèsè kóòtù kí a tó gba òun sí gbọ̀ngàn. Sányán, àlàárì àti ẹtù kò kéré sí kóòtù dúdú níbikíbi.

Èyí mú mi kan ọ̀rọ̀ àwa tí ń rán aṣọ láti ilé. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í sábà gba áyọ́ọ̀nù nínú yàrá èrò, nítorí ìbẹ̀rù iná. Bí wọ́n bá rí i nínú àpótí ẹni, wọn yóò gbà á pamọ́ títí di òpin ìrìn-àjò. Àwọn ọkọ̀ kan ní yàrá ìfọṣọ tí ènìyàn ti lè lọ aṣọ rẹ̀, nínú àwọn mìíràn àfi kí o sanwó kí wọ́n bá ọ lọ̀ ọ́. Nítorí náà, àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ sí àti àǹkárá tí ń rún wómúwómú kò yẹ fún ìrìn-àjò yìí. Aṣọ òkè ni ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ ká a, ẹ yí i bí ẹní, kí ẹ sì fi kọ́ sí ilé ìwẹ̀ nígbà tí omi gbígbóná bá ń dà, ìwọ̀nba ìrúnjọ tí ó bá ní yóò nà. Ṣùgbọ́n kí a béèrè fún èyí tí a hun fẹ́lẹ́. Sányán àtijọ́ tí ó nípọn yóò mú ọmọ làágùn, bí Norway tilẹ̀ tutù, yóò sì wúwo nínú àpótí. Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ bá ọkọ̀ òkun ní Miami mọ ohun tí mo ń wí, nítorí níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, kílò 23 ni wọ́n sábà ń gbà fún àpótí kan.

Kí télọ̀ sì fi àlékún sílẹ̀ ní etí ṣòkòtò àti ní abẹ́ apá, ó kéré tán íǹṣì méjì. Ìwọ̀n tí ìyá ọmọ fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹta kì í ṣe ìwọ̀n ọmọ náà mọ́ ní oṣù keje. Tìtorí àìfi àlékún sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣọ tí a ń rán lọ sí ìlú òyìnbó fi ń di ti àbúrò kí ẹ̀gbọ́n tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Kí n má gbàgbé àwọn ayàwòrán. Ní alẹ́ ẹ̀yẹ, wọn a dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ ìtàgé lẹ́yìn wọn, wọn a máa ya gbogbo ìdílé tí ó bá kọjá. Yíyà kò gba owó. Títà ni ó ń gba owó, ó sì wọ́n. Kí bàbá ya àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ kí ọbẹ̀ tó ta sí wọn láṣọ.

Mo kó gbogbo èyí lọ bá màmá nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin. Nígbà tí mo dé orí ọmọ tí ó sá pamọ́ sẹ́yìn táǹkì, ó mi orí, ó ní, “Bàbá rẹ̀ kò bi í léèrè ni.” Ó sì gbé fóònù, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ níṣojú mi.

Ó kí i, ó sa oríkì rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ọkọ mi, n kò ní rán agbádá sí ọ mọ́. Kí ni o fẹ́ kí n rán?”

Ọmọ náà dákẹ́. Mo rò pé yóò sọ pé òun kò fẹ́ nǹkankan. Ó ní òun ti ní kóòtù dúdú, èyí tí òun wọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé wọn kọrin. Ó wá bi ìyá-ìyá rẹ̀ bóyá a lè fi aṣọ òkè rán táì.

Màmá yí ojú sí mi. “Tíṣà, ṣé ìkan tí a fi ń so ọrùn yẹn ni ó ń wí? Aṣọ tí à ń fi dá agbádá fún ọba ni a óò wá fi rán okùn ọrùn?” Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí àtẹ, ó ń yẹ ẹtù wò, nítorí ó ní àwọ̀ aró ni yóò bá kóòtù dúdú mu. Ọ̀já ẹtù kò fẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ fún táì, bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe hun ún.

Wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Ìyá wọn kò ra kóòtù kankan ní àwìn. Àwòrán alẹ́ kejì dé sí fóònù màmá: ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín nínú ìró àti bùbá rẹ̀, láìní gèlè, ó ní ó ń yún òun lórí, ọkùnrin kékeré ti sùn lọ sí èjìká bàbá rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sí ilẹ̀, àkọ́bí sì nà gbọọrọ nínú kóòtù, pẹ̀lú táì ẹtù lọ́rùn, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró níwájú gbogbo wọn.

Màmá ti fi àwòrán náà han gbogbo ẹni tí ó bá ya ìsọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọjà tún pé, ó ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń múra ìgbéyàwó fẹ́ mẹ́fà irú táì yẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, màmá sì fẹ́ kí n bá òun pe London, kí òun bi ọmọ òun léèrè bí wọ́n ti ń so ó.